Àwọn Òpó Bàbá Lẹ́tà

Bàbá àgbà mi kì í pariwo. Bí èèyàn bá ṣẹ̀ wọ́n, wọ́n á rọra bọ́ awò ojú wọn, wọ́n á fi etí aṣọ nù ún, wọ́n á tún un wọ̀, wọ́n á wá máa wo onítọ̀hún bí ìgbà téèyàn ń wo ìwé tí kò tẹ̀ dáadáa. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tí wọ́n fẹ́ràn jù láyé yìí, aláriwo gbáà ni. Ó ga, ó dúdú, ó nípọn, síbẹ̀ ó fún mọ́ra. Kò ní ìrù, kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Bí a bá fi kọ orúkọ rẹ sára ògiri ní Fádèyí, ẹni tó wà ní òdìkejì títì á kà á láìsúnmọ́ ọn. Bàbá àgbà ló fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ ẹ lára igi, láti A dé Z, nígbà tí bàbá mi ò tíì dáyé. Wọ́n sọ ọ́ ní Òpó, torí pé àwọn lẹ́tà náà dúró ti ara wọn bí òpó ilé.

Àná la ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ wọn. Lẹ́yìn tí àwọn aáfà lọ tán, ẹbí ní kí èmi Àṣàkẹ́ kọ nǹkan sílẹ̀ nípa wọn, torí pé èmi ni mo máa ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọdún tí wọ́n bí wọn àti ilé ìwé tí wọ́n lọ lẹ ń wá, ẹ lọ bi ẹlòmíì. Àwọn alára ò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn. Ohun tí mo mọ̀ nípa Yẹ̀kínì Adébọ̀wálé Ọ̀nàfowókàn, ọmọ Ìjẹ̀bú tó fi gbogbo ọjọ́ ayé tẹ̀wé ní Ṣómólú, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá Lẹ́tà, ni bí wọ́n ṣe ń rìn, bí wọ́n ṣe ń jà, àti ọ̀rọ̀ N kan tó wà láàárín àwa méjèèjì títí tí ọlọ́jọ́ fi dé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ìrìn. Bàrígà la ń gbé, Ṣómólú ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń lọ. Nígbà ọlidé, tí mo ṣì wà ní pámárì, wọ́n máa ń mú mi dání. Ìrìn tí kò yẹ kó ju ogún ìṣẹ́jú lọ á di odidi wákàtí kan, torí pé kò sí pátákó ṣọ́ọ̀bù tí wọn kì í dúró wò. Wọ́n máa ń sọ̀rọ̀ lẹ́tà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ èèyàn. Lẹ́tà tó bá ní ìrù kéékèèké nísàlẹ̀, wọ́n ní ó wọ bàtà. Èyí tí kò bá ní, wọ́n ní ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn, irú ti Òpó nìyẹn. "Wo èyí, ó wọ bàtà lọ sóko," wọ́n á wí, wọ́n á máa tọ́ka sí pátákó ẹni tó ń ta búlọ́ọ̀kù. "Wo tibí yìí, Àṣàkẹ́. Ó ti yó jù, kò lè mí."

Lọ́jọ́ kan ní Onípànù, wọ́n dúró sábẹ́ pátákó oníkẹ́míìsì kan, wọ́n gbójú sókè, wọn ò kúrò níbẹ̀. Oníkẹ́míìsì náà jáde.

"Bàbá, ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé oògùn lẹ fẹ́ rà?"

"Rárá o, ọ̀gá. S yín ni mò ń wò. Ó fẹ́ ṣubú."

Ọkùnrin náà fò kúrò lábẹ́ pátákó, ó gbé ọwọ́ lé orí. Pátákó ò mì rárá. Ó tó ìṣẹ́jú kan kó tó yé e pé ìdúró lẹ́tà ni bàbá ń wí, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá àgbà ò rẹ́rìn-ín ní tiwọn. Wọ́n ní, "Bí lẹ́tà bá ń ṣubú lórí ṣọ́ọ̀bù ẹni, oníbàárà ò ní mọ ohun tó ń ba òun lẹ́rù, ṣùgbọ́n ẹ̀rù á ṣáà máa bà á."

Mo tún rántí ọjọ́ tí a jọ lọ sí ọ́fíìsì kan nítorí ìwé ilé. Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó bá ń fi lẹ́tà onígi tẹ̀wé, òdì ló máa ń tò ó, kó tó lè jáde síbi tó tọ́ lórí bébà. Ìyẹn ti wọ bàbá àgbà lára débi pé kò sí bí èèyàn ṣe lè gbé ìwé tí wọn ò ní kà á: orí kodò ni o, ẹ̀yìn ni o, ẹ̀gbẹ́ ni o. Ọmọbìnrin tó wà nídìí tábìlì ní òun ò rí fáìlì wa, ká padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Bàbá àgbà bọ́ awò. Wọ́n nù ún. Wọ́n tún un wọ̀.

"Má bínú o, ọmọ mi," wọ́n ní, "òun ló wà lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ ẹ yẹn. Orúkọ mi ló wà lókè. Lórí ìlà kejì, wọ́n gbàgbé nọ́ńbà ilé wa."

Ọmọbìnrin náà gbé ọwọ́ kúrò bí ẹni tí iná jó. Ọjọ́ yẹn náà la gba ìwé wa. Nígbà tí a dé ìta, ẹ̀rín ń pa mí kú lọ, wọ́n sì ní kí n panu mọ́. "Mo lè ka ohun gbogbo," wọ́n ní, "ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ohun tí mo bá kà ni mò ń sọ."

Torí pé wọ́n dàgbà, tí wọ́n sì máa ń dé fìlà funfun, ọ̀pọ̀ èèyàn a máa kí wọn ní Àláájì. Wọn kì í dáhùn. Bí onítọ̀hún bá tẹnu mọ́ ọn, wọ́n á ní, "Mi ò tíì lọ o. Tí mo bá lọ, ẹ máa gbọ́." Wọn ò rí i lọ títí wọ́n fi papò dà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ṣì ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Bí Òpó ṣe dáyé, ẹnu Màmá àgbà ni mo ti gbọ́ ọ, Màmá àgbà kì í sì í sọ ọ́ kí wọ́n má kọ́kọ́ pòṣé. Bàbá àgbà ò tíì ní ṣọ́ọ̀bù nígbà náà. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá kan ni wọ́n ti ń to lẹ́tà. Obìnrin kan wá láti àdúgbò Pedro, iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ ló ń ṣe. Ọkọ rẹ̀ kú, ó fẹ́ tẹ pósítà, ó sì fẹ́ kí orúkọ ọkọ òun tóbi kó sì dúdú bíi ti àwọn olówó. Wàhálà ibẹ̀ ni pé orúkọ náà gùn. Àwọn lẹ́tà ńláńlá tí ọ̀gá kó ti òkè òkun wá fẹ̀ bàǹtà-banta, orúkọ náà ò lè gba orí ìlà kan. Ọ̀gá ní kí obìnrin náà mú ọ̀kan: kí àwọn fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́, kí àwọn dá orúkọ náà sí méjì, tàbí kí àwọn yọ orúkọ bàbá ọkọ rẹ̀ kúrò.

Obìnrin náà wo ọ̀gá títí. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí mo bá yọ bàbá ẹ̀ kúrò, ọmọ ta ni mo wá fẹ́ sin?"

Bàbá àgbà ń to lẹ́tà lọ́wọ́ níbẹ̀, wọ́n sì ń gbọ́. Nígbà tí wọ́n délé, wọ́n gbé ayùn, wọ́n sì gé pákó orí bẹ́ẹ̀dì ìyàwó wọn. Bẹ́ẹ̀dì ìgbéyàwó o! Ìrókò ojúlówó, tí ẹ̀gbọ́n Màmá àgbà kàn fún wọn, tí wọ́n gbé ti Ìjẹ̀bú wá. Màmá àgbà wọlé, wọ́n bá ọkọ wọn lórí ìkúnlẹ̀ níwájú bẹ́ẹ̀dì. "Mo rò pé ó ń kírun ni," Màmá àgbà máa ń wí. "Mo tiẹ̀ rọra dúró kó parí. Àfi bí mo ṣe gbọ́ hùrù, hùrù, hùrù."

Ọjọ́ mẹ́rin ni wọ́n fi gbẹ́ lẹ́tà orúkọ ọkùnrin yẹn. Gíga rẹ̀ bá ti òkè òkun dọ́gba, ó sì nípọn bíi tiwọn, ṣùgbọ́n ìbú rẹ̀ ò ju ìdajì lọ. Orúkọ náà gba orí ìlà kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì dúdú kirikiri. Obìnrin yẹn wá gba pósítà rẹ̀. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó fi ìka tọ orúkọ náà láti òsì dé ọ̀tún, ó ní, "Gbogbo wọn wà pọ̀."

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbẹ́ àwọn lẹ́tà yòókù díẹ̀díẹ̀, títí pákó orí bẹ́ẹ̀dì fi tán pátápátá. Màmá àgbà ò gbàgbé. Ohun yòówù kó fa ìjà láàárín àwọn méjèèjì, ì báà jẹ́ iyọ̀ tó pọ̀ jù, ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì ló máa ń já sí. "Ẹ bá mi wo ọkùnrin tó gé bẹ́ẹ̀dì mi nítorí òkú tí kò mọ̀ rí," Màmá àgbà á wí. Bàbá àgbà á ní, "Ṣé oorun ò wá ń kùn ẹ́ látìgbà yẹn ni?"

Èmi náà di ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́tà, ṣùgbọ́n orí kọ̀ǹpútà ni tèmi, nínú yàrá kékeré kan tí kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù wọn. Àwọn tó ń tẹ̀wé ní Ṣómólú ló ń gbé iṣẹ́ wá, èmi ni mò ń ya ohun tí wọ́n fẹ́ tẹ̀. Ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo wo àwọn Òpó bí wọ́n ṣe tò sínú dúrọ́ọ̀ tí eruku bò wọ́n, àánú ṣe mí. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n kó Òpó sínú kọ̀ǹpútà. Ẹnikẹ́ni á wá lè fi kọ orúkọ èèyàn ẹ̀." Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n gbé dúrọ́ọ̀ kan wá bá mi.

Inú mi dùn nígbà yẹn, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́. A ó fi yíǹkì pa lẹ́tà kan, a ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, màá yà á ní fọ́tò, màá gbé e sójú kọ̀ǹpútà, màá máa tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bàbá àgbà á jókòó tì mí, wọ́n á máa tọ́ mi sọ́nà. Mo máa ń kọjú mọ́ ibi tó dúdú, wọ́n á ní rárá. Àwọn, tí wọ́n bá ń gbẹ́ lẹ́tà, inú ihò ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀: àlàfo tó wà láàárín ẹsẹ̀ H, ihò kékeré inú A. Bí àwọn àlàfo yẹn bá ti bára dọ́gba, òpó á dúró fúnra rẹ̀. "Yàrá ni kó o kọ́kọ́ wò," wọ́n ní, "má wo ògiri." Oṣù mẹ́rin la fi ṣe A dé M.

Ìgbà ìbò wá dé. Ẹ̀yin ẹ mọ Ṣómólú nígbà ìbò. Gbogbo ẹni tó fẹ́ dupò ló fẹ́ kí ojú òun wà lára ògiri lọ́la, n kì í ráyè jẹun ọ̀sán. Iṣẹ́ Òpó wá di ẹrù lọ́rùn mi. Ni mo bá ṣe ohun tí gbogbo wa ń ṣe. Mo mú lẹ́tà mìíràn tó nípọn tó wà nínú kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀, mo fún un mọ́ láti ọ̀tún àti òsì títí ó fi tẹ́ẹ́rẹ́ tó Òpó, mo fi í dípò N títí dé Z. Ta ló máa mọ̀? Mo tẹ gbogbo rẹ̀ jáde sórí bébà ńlá kan, mo gbé e lọ bá bàbá àgbà. Tayọ̀tayọ̀ ni mo lọ.

Wọ́n bọ́ awò. Ó yẹ kí n ti sá nígbà yẹn. Wọ́n nù ún, wọ́n wọ̀ ọ́, wọ́n wá ń fi ìka tọ àwọn lẹ́tà náà. A. B. D. Ẹ̀rín wà ní ẹnu wọn. K. L. M. Wọ́n dé orí N, ìka wọn dúró.

"Láti ibí lọ, ọmọ ẹlòmíì ni."

"Bàbá, kò síyàtọ̀ níbẹ̀."

"Wo ẹsẹ̀ ẹ̀. O fún un lọ́rùn, ẹsẹ̀ ẹ̀ ti gbẹ. Èyí tí wọ́n bí ní tẹ́ẹ́rẹ́ kì í ṣe ẹgbẹ́ èyí tí ebi sọ di tẹ́ẹ́rẹ́."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Bí èèyàn bá fún lẹ́tà mọ́ lórí kọ̀ǹpútà, gbogbo ohun tó dúró lóòró á tín-ín-rín, ohun tó wà ní ìbú á ṣì nípọn bíi ti tẹ́lẹ̀. Òpó ò rí bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ ni agbára rẹ̀ wà. Mo mọ̀. Ohun tó tiẹ̀ bí mi nínú nìyẹn. Mo gbé ohùn sókè sí bàbá àgbà mi, Ọlọ́run dárí jì mí.

"Bàbá, pósítà òkú ni wọ́n máa fi ṣe! Ta ló fẹ́ wò ó tó bẹ́ẹ̀ yẹn?"

"Ẹni tó ni orúkọ."

"Ẹni tó ni orúkọ ti kú ná!"

Wọ́n wò mí. Wọn ò bọ́ awò. Wọ́n ní, "Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí ìwọ fi máa bá a wò ó."

Mo ká bébà mi, mo jáde, mo ti ilẹ̀kùn gbàgà. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn kọjá kí n má bàa dé iwájú ṣọ́ọ̀bù wọn. Màmá àgbà ló pè mí níkẹyìn. "Àṣàkẹ́, bàbá ẹ ń bi mí lọ́rọ̀ kan tí mi ò mọ èsì ẹ̀. Ó ní ṣé N ti dé?"

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Bí ìjà ṣe parí nìyẹn. Látọjọ́ náà, ó di ìkíni láàárín wa, bí ẹni pé N jẹ́ ẹ̀gbọ́n kan tó rìnrìn àjò. Bí mo bá pè wọ́n lórí fóònù, "Ṣé N ti dé?" Bí mo bá gbé ọsàn lọ fún wọn, "Ṣé N ti dé?" Lọ́jọ́ Iléyá, níwájú gbogbo ẹbí, "Àṣàkẹ́, ṣé N ti dé?" Mo máa ń dáhùn pé, "Ó wà lọ́nà, Bàbá." Kì í ṣe irọ́ tán. Mo máa ń ṣí i lórí kọ̀ǹpútà nígbà mìíràn, màá wò ó, iṣẹ́ mìíràn á dé, màá pa á dé. Ọdún méjì ni mo fi sọ pé ó wà lọ́nà.

Àyà ló bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n. A gbé wọn lọ sí ọsibítù, a gbé wọn bọ̀, wọ́n ń gbẹ sí i. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, lẹ́yìn ìrun, mo lọ kí wọn. Orí bẹ́ẹ̀dì tí kò lórí yẹn náà ni wọ́n dùbúlẹ̀ sí.

"Àṣàkẹ́."

"Bàbá."

"Ṣé N ti dé?"

"Ó ti dé Onípànù, Bàbá."

Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n ní, "Kó má pẹ́ o." Àárọ̀ ọjọ́ kejì, Sátidé, ni wọ́n dákẹ́. A sin wọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Ní ọjọ́ Sọ́ńdè, ẹbí jókòó lórí ètò àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí à ń pè ní Dádì Ìkòròdú torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé, ti kọ ohun tí wọ́n fẹ́ kó wà lórí pósítà sí bébà kan. "ÀLÁÁJÌ YẸ̀KÍNÌ" wà lórí ìlà kan, "ADÉBỌ̀WÁLÉ" wà lórí ìkejì, "Ọ̀NÀFOWÓKÀN" wà lórí ìkẹta. Inú rere ni wọ́n fi ṣe é, wọ́n fẹ́ kí orúkọ bàbá wọn tóbi. Ṣùgbọ́n mo dá sí i.

"Ẹ jọ̀ọ́ Dádì, ẹ má dá Bàbá sí mẹ́ta. Ẹ jẹ́ ká fi Òpó wọn kọ ọ́. Á tóbi, á sì gba orí ìlà kan."

"Ṣé Òpó ọ̀hún ti wà nínú kọ̀ǹpútà?"

Gbogbo ilé kọjú sí mi. "Ó kù díẹ̀, sà."

"Àṣàkẹ́, ọdún méjì la ti ń gbọ́ pé ó kù díẹ̀." Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló dùn mí. "Ọjọ́ Wẹ́sidé, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ni iṣẹ́ ń lọ sórí ẹ̀rọ. Bí tìẹ ò bá tíì délẹ̀, tèmi la máa tẹ̀."

Màmá àgbà, tí wọ́n wà nínú yàrá nítorí tákàbà, ìyẹn opó tí wọ́n ń ṣe, bá gbóhùn sókè. "Ẹ sì yọ Àláájì yẹn kúrò níbẹ̀! Bàbá yín ò lọ Mẹ́kà. Ṣé ẹ fẹ́ kó dé ọ̀hún kó wá máa rojọ́ fún màláíkà ni?" Dádì Ìkòròdú fúnra wọn ló fa ìlà lé e.

Mo wo orúkọ náà dáadáa. Lẹ́tà mẹ́rin péré ló kù tí n kò tíì ṣe nínú rẹ̀: N, O, W àti Y. Ọjọ́ Ajé, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù bàbá àgbà, mo fa àwọn dúrọ́ọ̀ jáde. O àti Y ò yọ mí lẹ́nu, mo parí wọn kí oòrùn tó wọ̀. N ló gba gbogbo ọjọ́ Túsìdeè. Òpó méjì ni N, pẹ̀lú igi kan tó dábùú láàárín wọn. Níbi tí igi yẹn ti kan òpó, dúdú á kún dúdú, á wá rí bí ibi tí yíǹkì dà sí. Mo gbé N onígi náà sún mọ́ fèrèsé, mo fi ìka wò ó. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí wọ́n ṣe: wọ́n ti ha igi ìdábùú náà díẹ̀ ní igun méjèèjì, díẹ̀ tó jẹ́ pé ojú ò rí i, ọwọ́ nìkan ló lè mọ̀ ọ́n. Ọdún méjì ni mo fi sá fún N, ọjọ́ kan ṣoṣo ló gbà. Mo gbé orí lé tábìlì wọn, mo sunkún dáadáa.

W ni n kò rí. Mo tú gbogbo dúrọ́ọ̀, kò sí. Mo kọ́kọ́ rò ó pé kí n dorí M kodò, ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ M gún, ẹsẹ̀ W ń yà síta ni, bàbá àgbà sì ti wí fún mi rí pé M tó bá dorí kodò, M tó ṣubú ni, kò tíì di W. Ní àárọ̀ Wẹ́sidé, mo sáré lọ bá Màmá àgbà ní Bàrígà. Mo ya W fún wọn sára bébà, torí wọn ò mọ̀wé.

Wọ́n wò ó. Wọ́n tọ́ka sísàlẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ wọn. "Ṣé kì í ṣe òun nìyẹn?"

Òun ni. W tí bàbá àgbà gbẹ́ ni wọ́n fi ti ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ tó ń mì!

"Màmá! Láti ìgbà wo?"

"Kí wọ́n tó bí bàbá ẹ. Ìpín tèmi ni nínú bẹ́ẹ̀dì mi. Ó wá a, wá a, mo ní mi ò rí i. Ó padà mọ̀, kò kàn gbà á lọ́wọ́ mi ni." Wọ́n ní kí n gbé ẹ̀rọ sókè, wọ́n fà á yọ fúnra wọn, wọ́n fi ìdí ìró nu eruku ara rẹ̀. "Ibo lèyí wà nínú orúkọ ẹ̀?"

Mo fi hàn wọ́n, nínú Adébọ̀wálé, àti nínú Ọ̀nàfowókàn.

"Ó wà níbi méjì?" Wọ́n dì í mú sáàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì. "Mi ò mọ̀ o. Yẹ̀kínì, mi ò mọ̀." Mi ò gbọ́ kí wọ́n dárúkọ bàbá àgbà rí láyé mi. Ó pẹ́ kí wọ́n tó gbé W lé mi lọ́wọ́. Wọ́n nu ojú, wọ́n ní, "Máa mú un lọ. Àmọ́ wá nǹkan mìíràn fi ti ẹsẹ̀ ẹ̀rọ mi kó o tó lọ."

Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ti jẹ igun kan lára W náà wọlé díẹ̀. Mo lè dí i lórí kọ̀ǹpútà. Mi ò dí i. Kí ìrun ọ̀sán tó dé, orúkọ náà ti wà lórí ìlà kan, ó kún bébà láti etí dé etí, ó dúdú kirikiri, ó ga, ó sì dúró lórí ẹsẹ̀ lásán. Dádì Ìkòròdú wò ó. Wọ́n kàn ní, "Bàbá mi nìyí," wọ́n sì wá aṣọ ìnujú nínú àpò.

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ káàkiri, láti Bàrígà dé Pedro dé Fádèyí. Èyí tó wà ní Onípànù ni mo lọ wò, torí pé ibẹ̀ ni mo sọ fún wọn pé N ti dé. Mo dúró ní òdìkejì títì, ọkọ̀ ń kọjá, àwọn èèyàn ń kọjá. Mo wo àwọn yàrá kí n tó wo ògiri. Mo wo W méjèèjì, tí ẹ̀rọ jẹ igun wọn. Mo wo N àkọ́kọ́, mo wo ìkejì, mo wo ìkẹta, ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe máa ń fi ìka wò ó. Ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà nípọn. Obìnrin kan tó ń ta káàdì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń wò mí bóyá orí mi pé, torí pé mo sọ ọ́ síta, kò sí ẹni tí mo bá sọ̀rọ̀.

"Bàbá, mo ti bá yín wò ó. N ti dé."